Màámi, Ìyàwó Mi àti Ìrẹsì Tútù

Màámi kì í jẹ oúnjẹ tútù. Kí n tó mọ̀wé kà ni mo ti mọ ìyẹn nípa wọn. Nílé wa ní Ìbàdàn, bí a bá gbé àmàlà síwájú wọn tí ooru rẹ̀ ti lọ, wọ́n á fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan abọ́ náà, wọ́n á wo ẹni tó gbé e wá, wọn ò ní sọ nǹkan kan. Ẹni náà fúnra rẹ̀ á gbé abọ́ padà sí ilé ìdáná. Nítorí náà, nígbà tí wọ́n ní àwọn ń bọ̀ wá kí wa ní Japan, kì í ṣe owó ọkọ̀ òfuurufú ni mo kọ́kọ́ rò, kì í ṣe físà, kì í sì í ṣe òtútù. Bẹ́ńtò ni mo rò.

Fún ẹ̀yin tí ẹ kò tíì rí i rí, bẹ́ńtò ni oúnjẹ tí wọ́n dì sínú àpótí kékeré tó ní ọmọrí, tí ènìyàn ń gbé lọ síbi iṣẹ́, sí ilé ìwé, sínú ọkọ̀ ojú irin tàbí síbi ìgbafẹ́. Ìrẹsì ló sábà máa ń gba bí ìdajì àpótí náà. Ẹja tàbí ẹran, ẹyin, ẹ̀fọ́ àti nǹkan kíkan díẹ̀ á pín ìdajì kejì láàárín ara wọn, kálukú ní àyè tirẹ̀. Ohun àtijọ́ ni lọ́dọ̀ àwọn ará Japan. Láyé Edo, èyí tó parí ní 1868, àwọn òǹwòran máa ń jẹ ẹ́ nílé eré nígbà tí wọ́n bá fa aṣọ ìtàgé dé kí ìran mìíràn tó bẹ̀rẹ̀, débi pé irú kan wà tí wọ́n ṣì ń pè ní makunouchi títí dòní, ìyẹn ni pé "láàárín aṣọ ìtàgé". Àwọn ibùdó ọkọ̀ ojú irin pẹ̀lú ní tiwọn tí wọ́n fi ń yangàn. Ti Sendai, ahọ́n màlúù ni. Ti Yokokawa, inú ìkòkò amọ̀ ni wọ́n ti ń tà á láti 1958, ẹni tó bá jẹ ẹ́ tán lè gbé ìkòkò rẹ̀ lọ sílé.

Tútù ni wọ́n sì ń jẹ ẹ́. Kì í ṣe pé ó ṣèèṣì tutù. Àtìgbà tí wọ́n ti ń sè é ni wọ́n ti mọ̀ pé tútù ni wọn óò jẹ ẹ́, ìyẹn ni wọ́n ṣe ń fi iyọ̀ tàbí ṣúgà kún un díẹ̀ ju bí wọn ì bá ti ṣe lọ, torí pé adùn máa ń lọ sílẹ̀ lẹ́nu bí oúnjẹ bá ti tutù. Ìrẹsì wọn náà ń ràn wọ́n lọ́wọ́. Kì í ṣe irú ìrẹsì gígùn tí àwa fi ń se jọ̀lọ́ọ̀fù, tó jẹ́ pé bí ó bá ti tutù, á le bí ẹ̀kúrọ́. Tiwọn kúrú, ó ń lẹ̀ mọ́ra, ó sì máa ń rọ̀ títí di ọ̀sán. Ọdún mẹ́jọ ni mo ti ń jẹ ẹ́. Ó ti mọ́ mi lára débi pé mo ti gbàgbé pé ó ya èmi náà lẹ́nu nígbà kan.

Ọmọ Japan ni ìyàwó mi. Yokohama là ń gbé. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo la bí, ọmọ ọdún márùn-ún, tó ń gbé bẹ́ńtò tirẹ̀ lọ sí ilé ìwé jẹ́lé-ó-sinmi. Ìparí oṣù kẹta ni Màámi dé, pẹ̀lú àpótí ẹrù méjì tó kún fún èlùbọ́, ata gbígbẹ àti gàrí. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, àwọn ni wọ́n ń se oúnjẹ, gbogbo wa sì ń làágùn. Ìyàwó mi ń jẹ ata, ó ń fọn ikun, ó ń rẹ́rìn-ín. Gbogbo nǹkan ń lọ dáadáa.

Òdòdó igi ṣẹ́rì bá yọ. Ẹ̀yin tí ẹ ti gbé Japan rí mọ bí nǹkan ṣe máa ń rí lásìkò yìí. Òdòdó náà kì í pẹ́, bí ọ̀sẹ̀ kan péré ló fi ń tàn yòò kó tó máa já bọ́, ìdí nìyẹn tí gbogbo ìlú fi máa ń tú jáde láti lọ tẹ́ ẹní sábẹ́ igi kí wọ́n sì jẹun. A ní a ó lọ sí ọgbà Mitsuike lọ́jọ́ Sátidé. Adágún omi mẹ́ta ló wà níbẹ̀, igi ṣẹ́rì sì yí wọn ká.

Lọ́jọ́ náà, aago márùn-ún ìdájí ni ìyàwó mi jí. Ó fi pááànù onígun mẹ́rin dín ẹyin, ó ń ká a lé ara rẹ̀ ní fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bí ẹni ń ká ẹní, títí ó fi di odindi kan tí ó wá gé wẹ́wẹ́. Ó dín adìẹ tó ti fi atalẹ̀ àti omi sóyà rẹ láti alẹ́ àná. Ó bọ ẹ̀fọ́, ó fún omi rẹ̀ jáde, ó da yánmọtí tó ti gún sí i. Ó gé kárọ́ọ̀tì bí òdòdó. Lẹ́yìn náà ló wá tẹ́ ìrẹsì sórí àwo pẹrẹsẹ, ó mú abẹ̀bẹ̀, ó ń fẹ́ ẹ.

Ibi tí Màámi bá a nìyẹn. Wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná pẹ̀lú ìborùn wọn.

"Kí ló dé tó fi ń fẹ́ ìrẹsì?"

"Ó fẹ́ kó tutù ni, Màámi."

"Ta ló fẹ́ fún?"

Mo ní àwa ni. Wọn ò sọ nǹkan kan mọ́. Ẹ rántí ohun tí mo sọ nípa ìyẹn.

Ní ọgbà, inú wọn kọ́kọ́ dùn. Ó wù wọ́n pé gbogbo ènìyàn bọ́ bàtà kí wọ́n tó jókòó sórí ẹní. Ó wù wọ́n pé àwọn arúgbó jáde pẹ̀lú àwọn ọmọ-ọmọ wọn. Òdòdó ń bọ́ sórí gèlè wọn, ọmọ wa ń ṣà á. Ìyàwó mi wá gbé àpótí kan síwájú ẹnìkọ̀ọ̀kan wa, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé ti Màámi, ó sì tẹrí ba. Màámi ṣí i. Wọ́n wò ó. Wọ́n fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ìrẹsì náà.

"Ṣé kò sí iná nílé yín ni?" Èmi ni wọ́n ń bi. "Ó ti tutù pátápátá."

Ìyàwó mi bi mí pé kí ni wọ́n sọ. Mo ní, "Wọ́n ní ó rẹwà."

Ohun tí n kò rò nígbà yẹn ni pé kò sí ọjọ́ tí a kì í pe "omi tútù" nínú ilé wa. Ọmọ wa ń pè é, èmi ń pè é, òun náà ń pè é. Nínú ọ̀rọ̀ Yorùbá bí ogójì tí ìyàwó mi gbọ́, "tutù" wà níbẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó bu tíì gbígbóná látinú fúláàsì fún Màámi. Wọ́n mu tíì náà, wọ́n tún mu èkejì. Wọ́n jẹ ọsàn kan. Wọn ò fọwọ́ kan bẹ́ńtò.

Ọmọ wa ló wá fi igi ìjẹun mú ẹyin kan látinú àpótí tirẹ̀, ó nà án sí wọn. "Màmá àgbà, ẹ jẹ ẹyin mi."

Kí n sọ ọ̀rọ̀ ẹyin díẹ̀ fún ẹ̀yin tí wọn kò tọ́ nílé Yorùbá. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, wọn kì í fún ọmọ ní odindi ẹyin. Wọ́n ní á di olè. Ẹran pàápàá, ìparí oúnjẹ lo máa jẹ ẹ́, bí àgbàlagbà kan bá sì nawọ́ gba ìdajì rẹ̀, o ní láti fi í sílẹ̀ tẹ̀ríntẹ̀rín. Láti ìgbà tí Màámi ti dé ni wọ́n ti ń wo ọmọ ọdún márùn-ún tó ń jẹ ẹyin lójoojúmọ́, wọ́n ti bá mi sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ẹyin tí ọmọ náà mú wá yìí, nítorí náà, kì í ṣe nǹkan kékeré. Wọ́n gbà á. Wọ́n ṣàdúrà fún un, wọ́n pè é ní ọmọ tó mọ ìtọ́jú. Nígbà tó yíjú síbòmíràn, wọ́n rọra gbé ẹyin náà sórí ọmọrí àpótí wọn.

Ìyàwó mi ló palẹ̀ mọ́. Òun ló rí ẹyin náà.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, nígbà tí gbogbo ilé ti sùn, ó bá mi sọ̀rọ̀. Kò bínú, ó kàn ń ṣàlàyé ni, èyí sì burú fún mi ju ìbínú lọ. Ó ní nígbà tí òun wà ní ilé ìwé girama, ìyá òun wà nílé ìwòsàn fún bí oṣù mẹ́ta. Kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀, ojoojúmọ́ ni òun ń gbé bẹ́ńtò lọ, òun kò sì ronú kàn án rí. Láàárín oṣù mẹ́ta yẹn, búrẹ́dì ni òun ń rà. Bó bá di ọ̀sán, àwọn ẹlẹgbẹ́ òun á ṣí àpótí wọn, wọ́n á máa sọ pé "ìyá mi tún fi ẹja yìí sí i", wọ́n á máa ráhùn, òun á máa já búrẹ́dì. Lọ́jọ́ kan, bàbá òun, tí kò mọ oúnjẹ sè, jí, ó di ìrẹsì funfun kún inú àpótí, ó fi èso umeboshi kan ṣoṣo sáàárín rẹ̀. Umeboshi ni èso kíkan tí wọ́n fi iyọ̀ tọ́jú, pupa ni. Bí ó bá wà láàárín ìrẹsì funfun, àsíá Japan gan-an ló ń jọ, orúkọ àsíá náà ni wọ́n sì fi ń pe irú bẹ́ńtò bẹ́ẹ̀: hinomaru. Oúnjẹ àwọn tí kò rí nǹkan mìíràn fi sí i ni. Ó ní iyọ̀ rẹ̀ pọ̀ jù. Ó ní òun jẹ ẹ́ tán, òun ṣa èyí tó lẹ̀ mọ́ igun àpótí.

"Bí o bá ṣí i tó ti tutù," ó ní, "o mọ̀ pé ẹnì kan ti ronú nípa rẹ kí ebi tó pa ọ́."

N kò mọ ohun tí mo fẹ́ sọ. Mo ní Màámi ti dàgbà, kó má bínú. Irú ọ̀rọ̀ tí àwa ọkùnrin máa ń sọ.

Níwọ̀n ìgbà tí mo ti dé orí ọ̀rọ̀ ọkùnrin, kí n sọ tèmi tán. Ẹ ti rí àwòrán àwọn bẹ́ńtò kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, níbi tí wọ́n ti fi ìrẹsì mọ ojú ológbò, tí wọ́n fi ewé òkun dúdú gé irùngbọ̀n rẹ̀. Kyaraben ni wọ́n ń pè é. A máa ń fi í ránṣẹ́ síra wa pé ẹ wo bí àwọn ènìyàn yìí ṣe fẹ́ràn ọmọ wọn tó. Àwọn ìyá ló sábà máa ń jí ṣe é, àwọn kan nínú wọn sì ti sọ gbangba pé ó ti di ìdíje láàárín àwọn òbí, pé ó ń pa àwọn. Èmi fúnra mi ti yin bẹ́ńtò fún gbogbo ẹni tó bá fẹ́ gbọ́, láti Èkó títí dé Accra. Láàárín ọdún mẹ́jọ yẹn, n kò tíì jí laago márùn-ún rí láti di ọ̀kan.

Ọjọ́ kẹta lẹ́yìn náà ni mo bi Màámi. À ń pọn àmàlà lọ́wọ́, ìyẹn ni pé àwọn ń rò ó, èmi ń fi ọ̀rá dì í. Mo ní, "Màámi, kí lẹ fi oúnjẹ tútù ṣe gan-an?" Mo rò pé wọn óò ní ó ń fa inú rírun.

Wọ́n ní, "Ṣé o mọ̀ pé ọ̀dọ̀ ẹbí ni mo gbé kí n tó lọ́kọ?" Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kì í sọ ọ́. "Mo ń bá wọn lọ ọlọ, mo ń bá wọn dáná, mo ń bá wọn pọnmi. Bí oúnjẹ bá jinná, n ó bù ú fún gbogbo ilé. Ìgbà tí wọ́n bá jẹun tán, tí mo bá fọ abọ́ tán, ni wọ́n tó máa ní kí n lọ wo ìdí ìkòkò. Gbogbo ohun tí mo jẹ nílé yẹn ló tutù. Èmi ni mo sè é o." Wọ́n ro àmàlà náà díẹ̀ sí i. "Mo wá sọ fún orí mi pé bí mo bá ní ilé tèmi, ẹnikẹ́ni kò ní jẹ tútù níbẹ̀."

Mo ti lé ní ogójì ọdún, ìgbà àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ ọ nìyẹn. Mo rántí bí wọ́n ṣe máa ń tan sítóòfù laago mọ́kànlá òru bí bàbá mi bá pẹ́ dé. Mo rántí àwọn àlejò tí wọ́n ní àwọn kò dúró, tí wọn kò sì lè lọ nítorí pé ìkòkò ti wà lórí iná. A máa ń rò pé agídí ni.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó dùn mí jù. Obìnrin méjèèjì yìí ti sọ ọ̀rọ̀ wọn fún mi, nínú èdè méjì tó jẹ́ pé èmi nìkan ni mo gbọ́ méjèèjì nínú ilé náà. Èmi ni ògbufọ̀. Ohun tí mo sì ń fi iṣẹ́ ògbufọ̀ ṣe ni pé mo ń dín ọ̀rọ̀ kù. "Ó tutù" di "ó rẹwà". Mo rò pé àlàáfíà ni mo ń ṣe. Ọ̀pọ̀ wa tó fẹ́yàwó tàbí tó lọ́kọ láti ìlú mìíràn, ìbáà jẹ́ Japan tàbí Kánò tàbí Kumasi, ló ń ṣe é. A óò máa tú ọ̀rọ̀ sí èyí tí kò lè dun ẹnikẹ́ni, àwọn tí à ń tú u fún kò sì ní mọ ara wọn títí ayé.

Lọ́jọ́ Sunday, mo pè wọ́n jókòó sídìí tábìlì, mo sọ ọ̀rọ̀ ẹnì kìíní fún ẹnì kejì bí ó ṣe rí. Ó gba bíi wákàtí kan. "Ìdí ìkòkò" ṣòro túmọ̀. Umeboshi kò ṣòro, ọ̀kan wà nínú firíìjì, mo gbé e síwájú Màámi, wọ́n tọ́ ọ wò, ojú wọn sì rún. Ìyàwó mi sunkún díẹ̀. Màámi kò sunkún, wọ́n ń fi ìka nu orí tábìlì tó mọ́ tẹ́lẹ̀.

Ìyàwó mi wá fẹ́ kí n ṣàlàyé abẹ̀bẹ̀ yẹn. Ó ní bí ènìyàn bá dé ọmọrí mọ́ ìrẹsì gbígbóná, ooru á di omi nínú àpótí, oúnjẹ á bàjẹ́ kó tó di ọ̀sán, á sì lè ṣe ọmọ ní jàǹbá. Kí n tó túmọ̀ rẹ̀ tán ni Màámi ti ń mi orí. "Ọbẹ̀ ńkọ́? Ta ni kò mọ̀ pé bí o bá bo ọbẹ̀ gbígbóná mọ́lẹ̀, á kan?" Wọ́n wo ìyàwó mi bí ẹni pé ìgbà yẹn ni wọ́n tó rí i. "Ó mọ oúnjẹ."

Mo rí àyè, mo wọlé. Mo ní, "Màámi, ẹ̀kọ tútù tí ẹ máa ń fi jẹ àkàrà ńkọ́? Mọ́ínmọ́ín àná ńkọ́?" Mo rò pé mo ti mú wọn. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó: kenkey tí àwọn ará Gana ń fi èèpo àgbàdo dì, ṣé ó di dandan kó gbóná ni?

Màámi ní, "Ẹ̀kọ kì í ṣe ìdí ìkòkò. Wọ́n fi ewé pọ́n ọn ni. Ẹni tó bá tú u ló kọ́kọ́ rí i."

Mo túmọ̀ ìyẹn lódindi.

N kò ní parọ́ fún yín pé láti ọjọ́ náà ni Màámi ti di olólùfẹ́ bẹ́ńtò. Wọn ò dì í. Oúnjẹ gbígbóná ni wọ́n ń jẹ títí wọ́n fi fẹ́ lọ, ọ̀rọ̀ ẹyin náà kò sì tíì tán: ìyàwó mi gbà pé ọmọ gbọ́dọ̀ jẹ gbogbo ohun tó wà nínú àpótí rẹ̀ tán, Màámi gbà pé ọmọ tí kò mọ bí a ṣe ń ṣẹ́ nǹkan kù fún ẹlòmíràn, wọn ò tíì tọ́ ọ. Mo ti túmọ̀ àríyànjiyàn yẹn lọ́pọ̀ ìgbà láìdín nǹkan kan kù níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí wọ́n máa padà, èmi àti ìyàwó mi jọ jí laago mẹ́rin ààbọ̀. Ó se ìrẹsì, ó dín ata tí Màámi fúnra wọn ti lọ̀. Èmi ni mo dín ẹyin. Mo ká a, ó já, mo tún un ká, ẹ̀gbẹ́ kan rẹ̀ sì jóná. A fẹ́ gbogbo rẹ̀ tutù ká tó dé ọmọrí.

Ní pápákọ̀ òfuurufú Haneda, ó ku bíi wákàtí mẹ́ta kí ọkọ̀ wọn gbéra. A jókòó sórí àga gígùn, àwa mẹ́rin, àpótí mẹ́rin. Màámi ṣí tiwọn. Wọ́n fi ẹ̀yìn ọwọ́ kàn án, ó ti mọ́ wọn lára.

"Ó tutù," ni wọ́n wí. Wọ́n sì ń jẹ ẹ́. Wọ́n jẹ ìrẹsì àti ata, wọ́n jẹ adìẹ. Wọ́n gé ẹyin sí méjì, wọ́n na ìdajì sí ọmọ wa, wọ́n wá wo ìdajì tó kù dáadáa kí wọ́n tó fi í sẹ́nu.

"Ta ló dín èyí?"

Ìyàwó mi nawọ́ sí mi kí n tó lanu. Kò sí ẹni tó bá a túmọ̀ ìbéèrè náà.

Màámi kò dá àpótí wọn padà. Wọ́n fọ̀ ọ́ ní ilé ìtura pápákọ̀, wọ́n nù ún, wọ́n kì í bọ inú báàgì ìfàlọ́wọ́ wọn. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n pè wá lórí WhatsApp láti Ìbàdàn, wọ́n gbé e sókè kí ìyàwó mi rí i. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn ni wọ́n ń kó sínú rẹ̀ báyìí. Ti àárọ̀ wà níbi tí ìrẹsì wà tẹ́lẹ̀, ti alẹ́ wà ní àyè ẹyin.